Ìdákẹ́ Wa Ni Èrè Gbájúẹ̀

Ohun tí òǹlù jìbìtì orí ayélujára gbójú lé ju fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ ni pé ẹni tí òun bá lù kò ní sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti máa ń bi àwọn aráàlú léèrè lọ́dọọdún nípa ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìṣirò àwọn aláṣẹ ni pé nínú jìbìtì méje, agbára káká ni wọ́n á fi rí ẹyọ kan tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà, ohun tó sún mọ́ ìṣirò jù lọ ni èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ NIBSS wá, ilé iṣẹ́ tó so gbogbo báǹkì wa pọ̀. Wọ́n ní bílíọ̀nù 17.67 náírà ló bá jìbìtì lọ ní 2023. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti di bílíọ̀nù 52.26. Ohun tó dé etígbọ̀ọ́ àwọn báǹkì nìkan nìyẹn o. Ìyá tó fi owó ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tó polówó aṣọ lórí Facebook tí kò sì rí aṣọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó san owó ilé fún agẹ́ńtì tí kò sí níbì kankan, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó ka nọ́ńbà OTP fún ẹni tó fi orúkọ báǹkì rẹ̀ pè é, ọ̀pọ̀ wọn ló pa á mọ́ra. Wọ́n á ní Ọlọ́run á dá a padà lọ́nà mìíràn, wọ́n á sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má sọ ọ́ níta.

Ìdí tí a fi ń dákẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Èrò wa ni pé nítorí kí owó lè padà nìkan la ṣe ń fi ẹjọ́ sùn, nígbà tí a bá sì ti gbà pé owó náà ti lọ pátápátá, a kò rí ohun tí a tún ń wá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lójú tèmi, èrò yìí ló ń pa wá lára jù. Gbígba owó padà jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ ìfisùn, ó sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni pé òun ló ń sọ ìfura di ẹ̀rí. Níbi tí kò bá ti sí ìfisùn, àwọn agbófinró á máa lé ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn, adájọ́ á máa fi oṣù díẹ̀ jẹ ẹni tó yẹ kó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣẹ̀wọ̀n níyà, àwọn tó ń lu jìbìtì gan-an á sì máa ra ilé kún ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí òun ló ń dun ènìyàn jù. Owó jìbìtì kì í jókòó síbì kan. Àkáǹtì tó máa kọ́kọ́ wọ̀, èyí tí àwọn ọmọ Yahoo ń pè ní aza, kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó lu jìbìtì náà; ó lè jẹ́ ti ẹni tó fi yá wọn kí wọ́n lè fún un ní ìdá díẹ̀ nínú owó, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣí. Láti ibẹ̀, wọ́n á pín owó náà sí àkáǹtì mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á gba díẹ̀ lọ́wọ́ oní-POS, wọ́n á fi ìyókù ra owó kírípítò. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú gbogbo èyí tí kò fi àmì sílẹ̀. Ẹ wo rìsíìtì tí fóònù yín ń gbé jáde nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn: nọ́ńbà gígùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òǹkà 30 ló wà nínú rẹ̀, session ID ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà yẹn ni báǹkì tó fi owó ránṣẹ́ máa fi bá báǹkì tó gbà á sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè gbé ìdè lé ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì náà. Bí ẹjọ́ bá dé etí wọn láàárín wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá owó níbẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ àti fọ́tò ẹni tó ni àkáǹtì ni wọ́n máa bá, ìyẹn náà sì wúlò, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Pé àkókò ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2000 ni àjọ FBI ti ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní IC3, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ẹjọ́ jìbìtì orí ayélujára sùn láìkúrò nílé rẹ̀. Ní 2023, ẹ̀sùn 880,418 ló wọlé síbẹ̀, owó tí àwọn tó fi ẹjọ́ sùn sọ pé àwọn pàdánù sì tó bílíọ̀nù 12.5 dọ́là. Ní oṣù Kejì 2018, ibùdó náà dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa sáré pe àwọn báǹkì kí owó tó fò lọ. Ní 2023 yẹn kan náà, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 758 dọ́là tí ikọ̀ náà sáré tẹ̀ lé, mílíọ̀nù 538 ni wọ́n rí dì mú, ìyẹn ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí idán nínú rẹ̀. Ẹnì kan tètè sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn sì tètè gbé fóònù.

Bí owó kò bá wá padà ńkọ́? Ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Unatrac dáhùn ìbéèrè yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Unatrac fìdí kalẹ̀ sí, òun ló ń bá Caterpillar ta katakata àti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá sí òkè òkun. Ní oṣù Kẹrin 2018, ọ̀gá tó ń mójú tó owó wọn gba ímeèlì kan, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, ojú ewé tó jọ ti Microsoft sì ṣí sílẹ̀. Ó kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ síbẹ̀, kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Láti ìgbà náà, àwọn tó dẹ pàkúté yìí wọ inú ímeèlì rẹ̀, ó kéré tán, ìgbà 464, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń wọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n ka bó ṣe ń kọ̀wé, wọ́n kọ ìwé owó èké, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n sanwó. Láàárín ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 19 oṣù náà, nǹkan bí ìgbà 15 ni ilé iṣẹ́ yìí sanwó jáde, gbogbo rẹ̀ sì sún mọ́ mílíọ̀nù 11 dọ́là. Kí wọ́n tó mọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó o.

Àwọn ọ̀gá Unatrac ì bá dákẹ́, kí orúkọ wọn má bàa bàjẹ́ lójú àwọn oníbàárà. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ fún FBI. Inú àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti rí àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo, òun ni wọ́n sì tọ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Obinwanne Okeke, ọ̀dọ́ oníṣòwò tí ìwé ìròyìn Forbes ti kà mọ́ àwọn tó ń ta yọ ní Áfíríkà ní 2016. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n mú un ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì 2021, adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Àpáta ti ayélujára máa ń gba ẹsẹ̀ olè, ẹsẹ̀ náà sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó máa nawọ́ sí i pé ibí yìí ni wọ́n gbà kọjá ló máa ń ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí wọn kò tíì lù ní jìbìtì rí pẹ̀lú. Kí ìjọba tó tú ikọ̀ ọlọ́pàá SARS ká ní oṣù Kẹwàá 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti dí ojú pópó pa láti Lekki títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni pé ọlọ́pàá ń mú àwọn lójú títì nítorí pé àwọn dá irun sórí, tàbí nítorí pé iPhone wà lọ́wọ́ àwọn, tàbí pé kọ̀ǹpútà wà nínú báàgì àwọn. Ní òru kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá 2023, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, ya wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbé ní Oduduwa Estate ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ, kí wọ́n tó máa tú àwọn tí wọn kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Ariwo tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ola Olukoyede, pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ irú ìkóni lóru bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni ìdí tí agbófinró fi ń fi ojú ṣàyẹ̀wò ẹni dípò kó fi àkọsílẹ̀ ṣe é. Ìwà ìbàjẹ́ wà nínú ìdí náà, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà níbẹ̀: níbi tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti pàdánù owó tí ẹni mẹ́wàá péré sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì tó pọ̀ tó láti tọ̀, irun orí ló kù tí ojú ń rí. Ìyá tó bá dákẹ́ lórí owó rẹ̀ tó lọ kò mọ̀ pé òun lè ti fi ọmọ aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sínú ewu.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé ẹjọ́. Òfin wa lágbára lórí ìwé. Òfin ọdún 2006 tó dojú kọ ìwà 419 sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn á lọ sẹ́wọ̀n, kò ní dín ní ọdún méje, ó sì lè tó 20, láìsí ààyè owó ìtanràn. Ó sì fún adájọ́ láṣẹ kó ní kí ọ̀daràn dá owó padà fún ẹni tó lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìròyìn láti àwọn ilé ẹjọ́ wa: ọmọ Yahoo lẹ́yìn ọmọ Yahoo ń bá agbẹjọ́rò ìjọba ṣe àdéhùn, ó ń gbà pé òun pe ara òun ní ẹlòmíràn lórí ayélujára, adájọ́ sì ń fún un ní oṣù díẹ̀ tàbí kó ní kó lọ gbá àyíká. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó jáde sọ pé èmi ni wọ́n lù, owó mi nìyí, ohun tó wà nínú fóònù olùjẹ́jọ́ nìkan ni agbẹjọ́rò ìjọba ní lọ́wọ́. Ìyẹn lè fi hàn pé ó purọ́ nípa orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn kó fi hàn pé ó jalè lọ́wọ́ ẹnì kan pàtó.

Mo mọ ohun tí òǹkàwé ti fẹ́ sọ: ọlọ́pàá wo lẹ ní ká lọ bá? Ẹni tó bá ti dé àgọ́ rí mọ̀ pé wọ́n lè ní kó mú owó bíró àti pépà wá, kó tún ra epo sí ọkọ̀ tí wọ́n máa fi lọ mú ọ̀daràn. Àpẹẹrẹ tó tún ga ju ìyẹn lọ wà. Nínú ẹjọ́ Ramon Abbas tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, ẹni tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ọ̀gá ọlọ́pàá wa kan tí òkìkí rẹ̀ kàn pé ó bá Hushpuppi ti ẹnìkejì rẹ̀ nínú jìbìtì mọ́lé. Ẹ̀sùn ni, ilé ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ kan ní Abuja sì kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ ọ kò jẹ̀bi tó bá ń ṣiyèméjì. Ìdáhùn mi kò ní sọ pé ọlọ́pàá ti dára. Ohun tí mo ń wí ni pé ìfisùn tí a kọ sílẹ̀, tó ní nọ́ńbà, tó sì dé ibi méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi sínú dúrọ́ọ̀ kó tì í pa. Báǹkì ní tirẹ̀, EFCC ní tirẹ̀, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní Abuja náà ní tirẹ̀. Òfin kankan kò ní kí ẹni tó wá fi ẹjọ́ sùn sanwó, ẹ̀ka kan sì wà láti 2015 tí àwọn ọlọ́pàá dá sílẹ̀ fún gbígbọ́ ẹ̀sùn tí aráàlú bá ní sí ọlọ́pàá fúnra wọn. Ẹni tó bá dákẹ́ nítorí ọlọ́pàá burúkú, ọlọ́pàá burúkú náà ló ṣe lóore.

Àwọn mìíràn á ní owó náà kéré. Ta ló fẹ́ ti Àkúrẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 15? Ìṣirò òǹlù jìbìtì gan-an nìyẹn. Ó mọ̀ pé bí òun bá gba mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, onítọ̀hún á dìde; bí òun bá gba ẹgbẹ̀rún 15 lọ́wọ́ igba ènìyàn, mílíọ̀nù mẹ́ta kan náà ni, àwọn igba náà á sì káwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n bí ogún péré nínú wọn bá kọ nọ́ńbà àkáǹtì kan náà ránṣẹ́ síbì kan, ẹni tó bá kó wọn jọ á rí i lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ kan ni. Kò sì sídìí láti wọkọ̀ mọ́, nítorí pé ìfisùn ti wà lórí ayélujára.

Ìtìjú tún wà, òun ló lágbára jù. Kò sí ibi tó ti ń ṣekú pani bíi nínú jìbìtì tí wọ́n fi ń halẹ̀ pé àwọn á gbé àwòrán ìhòòhò ẹni síta. Ní oṣù Kẹta 2022, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà rò pé ọmọbìnrin kan lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Àwọn ọmọ ìyá méjì ni, láti Èkó. Wọ́n gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó sanwó, wọn kò jẹ́ kó sinmi, ọmọ náà sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá ìlú wọn gba fóònù rẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FBI, FBI bá EFCC ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì gbé àwọn méjèèjì lọ sí Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ 2023. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, adájọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀. Ìwádìí fi hàn pé àwọn mìíràn tí wọ́n ti fìyà irú rẹ̀ jẹ lé ní ọgọ́rùn-ún. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí láyé mọ́ ló mú òpin bá iṣẹ́ ibi náà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín kí ọjọ́ burúkú tó dé pé kò sí àwòrán tó burú débi tí wọn kò fi lè wá sọ fún yín.

Ìtìjú tún ní ìbejì: ẹ̀rù pé wọ́n á pe òun ní olójúkòkòrò. Nígbà tí CBEX dojú dé ní oṣù Kẹrin 2025, ètò tó ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, àwọn kan ya lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wọ́n sì gbé àga àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Inú bí wọn, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí wọ́n kó di òfìfo ti di ibi tí ẹ̀rí kò sí mọ́, àga kan kò sì lè dí owó ilé ìwé ọmọ. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn dákẹ́ nítorí ẹ̀sín pé ẹ̀kọ́ MMM, ètò bíi rẹ̀ tó dojú dé ní 2016, kò yé wọn. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2025 dojú kọ ẹni tó gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì wà níbẹ̀. Wọn kì í fi ẹni sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n tàn án. Ẹni tó bá ti fa àwọn mìíràn wọ inú rẹ̀, tó sì ń gba owó lórí wọn, ni kó kọ́kọ́ wá agbẹjọ́rò kó tó sọ̀rọ̀. Kí òun náà sì sọ̀rọ̀.

Àtakò tó wúwo jù lójú tèmi ni ti àwọn tó sọ pé òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára kì í ṣe fún àwa mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní ẹ̀rí. Abala 24 òfin ọdún 2015 ni wọ́n fi ń mú akọ̀ròyìn àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí olóyè, títí ilé ẹjọ́ ECOWAS fi dájọ́ ní oṣù Kẹta 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìjọba tún abala náà ṣe ní 2024. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n mú akọ̀ròyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ìròyìn FIJ ní Èkó, ó sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó gba òmìnira. Ìyẹn ni pé agbára àti máa tọ ẹsẹ̀ ẹni lórí ayélujára wà lọ́wọ́ wọn, ó kàn ń yá jù nígbà tí alágbára bá fi ẹjọ́ sùn. Ohun tó bá òótọ́ mu ni ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alágbára nìkan bá ń lo ohun tí gbogbo wa ń fi owó orí bọ́, tirẹ̀ nìkan ló máa jẹ́. Bí ẹ̀sùn àwọn ìyá ọlọ́jà bá kún tábìlì wọn, tí a sì ní nọ́ńbà tí a lè fi béèrè ibi tó dé, a ó lè bi wọ́n ní gbangba pé kí ló dé tí ti olóyè fi yá.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Báǹkì ni kó kọ́kọ́ gbọ́, lójú ẹsẹ̀, kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní kóòdù tí a lè tẹ̀ láti ti àkáǹtì pa, ó yẹ kí ẹ ti kọ tiyín sílẹ̀ síbì kan tí kì í ṣe inú fóònù. Ẹ fún wọn ní session ID, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti aago tó jẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, Báǹkì Àpapọ̀ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng ni ímeèlì wọn. Ẹ fi ẹjọ́ sùn ọlọ́pàá lórí nccc.npf.gov.ng, ẹ sì kọ̀wé sí EFCC ní info@efcc.gov.ng tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn tó bá sún mọ́ yín. Ti Ìbàdàn wà ní Iyaganku. Kí ìwé náà ṣe ṣókí: ọjọ́ àti wákàtí, iye owó, àkáǹtì tó lọ àti èyí tó wọ̀, nọ́ńbà fóònù, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí ayélujára, àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ. Ẹ má pa ìjíròrò náà rẹ́ nítorí ìbínú. Ẹ má sì gba ẹni tó bá sọ pé òun lè bá yín gba owó padà bí ẹ bá san díẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àwọn tó lù yín lákọ̀ọ́kọ́ ló tún padà wá bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun ní ọ̀nà tó gbòòrò jù wá lọ. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2024, báǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n tàn kó fi owó ránṣẹ́, títí dé 85,000 pọ́n-ùn, báǹkì tó fi ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á á sì pín in sanwó lọ́gbọọgba. Owó tó bá rìn láàárín báǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà fún, ti ẹni tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí báǹkì tó gba owó olè bá mọ̀ pé òun náà máa san nínú rẹ̀, á yẹ ẹni tó ń ṣí àkáǹtì wò dáadáa. Ó yẹ kí Báǹkì Àpapọ̀ wa ronú sí i.

Ìjọba náà ní ẹrù tirẹ̀. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2024 ní kí ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá kọlu ẹ̀rọ rẹ̀ sọ ọ́ fún ìjọba láàárín wákàtí 72. Bí wọ́n bá lè yan wákàtí fún ilé iṣẹ́ láti sọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n yan wákàtí fún ara wọn láti dáhùn. Kí ilẹ̀kùn ìfisùn di ẹyọ kan, kí gbogbo àjọ máa ka ohun tó bá wọlé níbẹ̀, kí èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé iye ẹ̀sùn tó wọlé àti iye owó tí wọ́n dì mú jáde lọ́dọọdún, bí IC3 ti ń ṣe, pẹ̀lú iye ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́. Títí wọ́n á fi ṣe é, kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe tiwa. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá ti lù yín, lónìí ni kí ẹ pe báǹkì, lónìí náà ni kí ẹ kọ ìwé náà, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló lọ.